Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìtọ́jú, Kì í Ṣe Dípò Rẹ̀: Ohun Àdáyébá, Ẹ̀ṣọ́ Ara àti Àrùn Jẹjẹrẹ

Àwọn tó ṣètò ìjókòó yìí ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ lò ju wákàtí kan lọ, mo sì ti rí ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ aago níwájú níbẹ̀ yẹn.

Apòògùn ni mí. Ẹ̀yìn fèrèsé tí wọ́n ti ń gba oògùn ni mo máa ń wà, ibẹ̀ sì ni mo ti ń rí ohun tí dókítà kì í rí. Aláìsàn kì í sábà sọ fún dókítà pé òun ń mu àgbo. Ṣùgbọ́n bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, tó ń wá owó oògùn nínú báàgì, ìgò náà á yọjú: omi ewúro nínú ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, ewé soursop gbígbẹ nínú ọ̀rá, ìyẹ̀fun ata ilẹ̀ pupa, kápúsù olú tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀ kí nọ́ọ̀sì má baà gbọ́, wọ́n á ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ó ń fún ara lágbára láti bá àìsàn jà. Ṣé kí n máa lò ó?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá síwájú yín. Ǹjẹ́ àwọn ohun àdáyébá tí wọ́n ní ó ń fún ẹ̀ṣọ́ ara lókun lè kún ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́? N kò ní fi ìdáhùn mi pamọ́ di ìparí. Àwọn kan lè ṣe é. Àwọn díẹ̀ ti ṣe é rí, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìtọ́jú ni àyè wọn wà, kì í ṣe ipò ìtọ́jú, ojú dókítà ló sì yẹ kí á ti máa lò wọ́n, kì í ṣe ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá sọ lẹ́yìn èyí, ibẹ̀ ni yóò padà sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ìṣirò tí ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe fún ọdún 2022 ni pé ó ju 120,000 èèyàn lọ tí àrùn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan ṣoṣo, àwọn tó sì pa ń lọ sí 80,000. Nínú gbọ̀ngàn tó kún báyìí, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì kan ilé rẹ̀ kò pọ̀.

ÌPELE KÌÍNÍ: KÍ NI À Ń PÈ NÍ KÍ NI?

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ síbí díẹ̀. Ìjà tó máa ń wà láàárín oníṣègùn ìbílẹ̀ àti dókítà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ pé ohun tí oníkálukú ní lọ́kàn yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì.

Jẹjẹrẹ, lákọ̀ọ́kọ́. Sẹ́ẹ̀lì ara ẹni ni, kì í ṣe kòkòrò tó ti ìta wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tó bá gbó máa ń kú, òmíràn á rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ wà nínú ara tó ń sọ ìgbà tí yóò pín àti ìgbà tí yóò kú. Èyí tí kò gba àṣẹ yẹn mọ́ ló ń di jẹjẹrẹ. Á máa pín, á máa pọ̀, á wọ inú ẹran ara tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ tẹ̀dó sí ẹ̀dọ̀, sí egungun tàbí sí ọpọlọ. Oríṣi rẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó bá ní òun ní oògùn jẹjẹrẹ, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí á bi í ni pé: èwo nínú wọn?

Ẹ̀ṣọ́ ara ńkọ́? Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni mò ń sọ, pẹ̀lú mùdùnmúdùn egungun tí wọ́n ti ń bí wọn, ọlọ inú, àti àwọn kókó abíyá, ọrùn àti abẹ́nú tí wọ́n ń pàdé sí. Àwọn kan nínú wọn ń gbé ohun àjèjì mì. Àwọn kan ń pa sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀ tàbí tó ti ń yà bàrá. Bí wọ́n bá dá jẹjẹrẹ mọ̀, wọ́n lè pa á. Ìṣòro ni pé ọmọ ilé ni olè yìí. Aṣọ ilé ló wọ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò sì tètè fura sí i. Jẹjẹrẹ tún gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìjánu wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́, tí ara fi ń dá wọn dúró kí wọ́n má baà pa onílé. Jẹjẹrẹ ti mọ bí a ṣe ń fa ìjánu náà. James Allison ará Amẹ́ríkà àti Tasuku Honjo ará Japan ló ṣàlàyé ìjánu yìí, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 2018. Oògùn tó ń tú ìjánu náà wà ní ọjà báyìí, ó sì ti fa ẹ̀mí ọ̀pọ̀ èèyàn gùn.

Ẹ wo ohun tí èyí sọ fún wa. Nígbà tí wọ́n bá ní "ẹ̀ṣọ́ ara rẹ ti rọ̀, wá mu èyí kó lè le", ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀ṣọ́ náà lè lágbára kí wọ́n kàn so ó mọ́lẹ̀ ni. Ó sì lè le jù: àìsàn lupus, àti oríṣi oríkèé ríro kan, ẹ̀ṣọ́ ara tó kọjú ìjà sí onílé ló ń fà á. Àwọn tó ń gba oògùn tó ń tú ìjánu, òmíràn nínú wọn máa ń ní ìfun tó wú, tàbí ẹ̀dọ̀fóró tó wú, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ ti ṣe ju bó ti yẹ lọ. Ti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tún yàtọ̀: níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ gan-an ló ya ọ̀dàlẹ̀. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ pé kí á fún ẹ̀ṣọ́ ara lókun, ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé kí ó ṣe iṣẹ́ tó yẹ, níbi tó yẹ, kí ó sì ṣíwọ́ nígbà tó yẹ. Kì í ṣe kí á sáà máa rọ́ epo sí iná.

Ohun àdáyébá ni gbogbo ohun tí ewéko, olú, ẹranko tàbí kòkòrò àìfojúrí bá mú jáde fúnra rẹ̀. Àdáyébá kò túmọ̀ sí pé kò léwu. Májèlé inú gbágùúdá tí kò jinná náà, àdáyébá ni. Kò sì túmọ̀ sí pé ó ń fún ẹ̀ṣọ́ ara lókun. Òdòdó kan wà tí ẹ̀ ń gbìn síwájú ilé fún ẹwà, aláwọ̀ osùn, òmíràn funfun, ewé rẹ̀ ń dán. Madagascar ni wọ́n ti mú un wá. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Catharanthus roseus. Ní Jàmáíkà, wọ́n máa ń sè é mu fún ìtọ̀ ṣúgà. Nígbà tí Robert Noble àti Charles Beer yẹ̀ ẹ́ wò ní Kánádà láàárín ọdún 1950 sí 1960, ó ṣe bẹbẹ lára sẹ́ẹ̀lì funfun àwọn eku: ó pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Ibẹ̀ ni vinblastine ti jáde, lẹ́yìn rẹ̀ vincristine tí à ń fún àwọn ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ títí dòní. Apá kan nínú kímò (chemotherapy) tí àwọn èèyàn ń sá fún pé kẹ́míkà òyìnbó ni, ewé ni. Iṣẹ́ tó ń ṣe sì jẹ́ òdì kejì fífún ẹ̀ṣọ́ ara lókun.

Èyí tó kù ni àfikún. Àfikún ni ohun tí à ń lò pẹ̀lú iṣẹ́ abẹ, kímò tàbí ìtànṣán. Bí a bá pa àwọn yẹn tì, kì í ṣe àfikún mọ́; ìpààrọ̀ ni.

ÌPELE KEJÌ: OLÚ ÀWỌN ARÁ JAPAN

Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ pátápátá ni pé ohun àdáyébá lè ran ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́ láti bá jẹjẹrẹ jà, Japan ni kí ẹ ní kó lọ.

Ní ọdún 1969, Goro Chihara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Wọ́n mú shiitake, olú tí àwọn ará Japan ń jẹ lójoojúmọ́, wọ́n fi omi gbígbóná fa èròjà kan yọ nínú rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní lentinan. Wọ́n ti gbin kókó jẹjẹrẹ sára àwọn eku kan. Nígbà tí wọ́n gún wọn ní lentinan, kókó náà ń pòórá. Èyí tó mú mi lọ́kàn jù ni ohun tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e. Wọ́n yọ ẹṣẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn egungun àyà, níbi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ kan ti ń kọ́ṣẹ́, lára àwọn eku mìíràn látìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọ tuntun, wọ́n wá fún wọn ní lentinan. Lọ́tẹ̀ yìí kò ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé kì í ṣe lentinan gan-an ló ń pa jẹjẹrẹ. Ẹ̀ṣọ́ ara ló ń gbé dìde. Mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn, nítorí pé wọn ò dúró síbi "ó ṣiṣẹ́". Wọ́n béèrè ọ̀nà tó gbà ṣiṣẹ́.

Báwo ló ṣe ń gbé e dìde? Ṣúgà ni èròjà náà, ṣúgà tó so kọ́ra gígùn bí ṣéènì, tí wọ́n ń pè ní beta-glucan. Ara ògiri sẹ́ẹ̀lì olú ló wà. Ara èèyàn kì í ṣe irú rẹ̀. Àwọn olú àìfojúrí tó ń fa àrùn pẹ̀lú ní in, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́ ní ohun tó fi ń dá a mọ̀. Bó bá ti kàn án, á rò pé ọ̀tá ti wọlé, á ta àwọn yòókù lólobó. Olú tí à ń yìn pé ó ń fún ara lókun, ìró ìdágìrì ló ń lù.

Olú kejì le ní jíjẹ. Igi tó ti kú ló ń hù sí, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìlà aláwọ̀ eérú, pupa rúsúrúsú àti funfun yí i po. Trametes versicolor ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ni pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ Kureha rí aládùúgbò rẹ̀ tó ń sè é mu nítorí jẹjẹrẹ inú ikùn, láàárín ọdún 1965 sí 1966. Bí ilé-iṣẹ́ náà ṣe dáwọ́ lé e nìyẹn. Oògùn tó ti ibẹ̀ jáde, PSK, tí wọ́n ń tà ní Krestin, gba ìwé àṣẹ ìjọba Japan ní ọdún 1977. Lentinan gba tirẹ̀ ní 1985.

Ẹ wá gbọ́ àyẹ̀wò tó gbé PSK yọ. Ní ọdún 1994, ìwé ìròyìn The Lancet tẹ iṣẹ́ Hiroaki Nakazato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Aláìsàn 262 ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n ti fi iṣẹ́ abẹ yọ jẹjẹrẹ inú ikùn wọn. Wọ́n fi ìbò pín wọn sí ọ̀nà méjì. Gbogbo wọn gba kímò. Apá kan gba PSK kún un, gíráàmù mẹ́ta lójúmọ́, ní mímu. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, 60 nínú ọgọ́rùn-ún ló ṣì wà láàyè nínú àwọn tó gba kímò nìkan. Nínú àwọn tó gba PSK mọ́ ọn, 73 ni. Ẹ̀yin tó mọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ mọ̀ pé ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọdún 2007, wọ́n da àyẹ̀wò mẹ́jọ pọ̀, tó ní aláìsàn 8,009, ewu ikú sì dín kù ní nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó kéré ju ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ohun mẹ́ta wà nínú ìtàn yìí tí ẹni tó ń ta kápúsù olú fún yín kò ní sọ.

Èkíní, kò sí ìgbà kankan tí PSK dá dúró nínú àwọn àyẹ̀wò yẹn. Iṣẹ́ abẹ ló ṣáájú, kímò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà kan wà tí àwọn dókítà Japan ń kọ ọ́ fún aláìsàn ní òun nìkan, tó wà lára oògùn jẹjẹrẹ tó ń tà jù lórílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1989 ìjọba tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì pàṣẹ pé a ò gbọdọ̀ lò ó àfi pẹ̀lú kímò. Ìjọba Japan gan-an ló sọ ọ́ di àfikún.

Èkejì, abẹ́rẹ́ inú iṣan ni lentinan, ní ìwọ̀n tó kéré gan-an. Ẹni tó bá jẹ àwo shiitake kan ti jẹ oúnjẹ aládùn. Kò tíì gba lentinan o.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù láti sọ. Ayé kò dúró sójú kan. Kímò tuntun dé fún jẹjẹrẹ inú ikùn, èyí tó dára ju ti àtijọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n fi lentinan kún ọ̀kan nínú wọn, S-1, nínú àyẹ̀wò ńlá kan tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2016, ẹ̀mí àwọn tó gbà á kò gùn ju ti àwọn tí kò gbà á. Àwọn dókítà ò fi bẹ́ẹ̀ kọ PSK náà mọ́, ọjà rẹ̀ dín kù, kó sì tó di ọdún 2020 Kureha ti dá títà á dúró. Àfikún tó wúlò fún ìtọ́jú kan lè má wúlò fún èyí tó rọ́pò rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹ̀gbẹ́ ìtọ́jú ni àyè rẹ̀: bí ìtọ́jú bá yí padà, àfi kí á tún un dán wò.

ÌPELE KẸTA: ÒǸTẸ̀ TÓ WÀ LÁPÁ YÍN

Èyí kò ní pẹ́. Ọ̀pọ̀ yín ní àpá róbótó kan ní apá. Abẹ́rẹ́ BCG ni, tí à ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ife. Kòkòrò ikọ́ ife ara màlúù ni, tí Calmette àti Guérin fi ọ̀pọ̀ ọdún sọ di aláìlágbára ní ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ kan ní 1921. Ní ọdún 1976, Alvaro Morales àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ròyìn pé àwọn fi rọ́bà bu BCG yìí sínú àpò ìtọ̀ àwọn tó ní jẹjẹrẹ níbẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ṣọ́ ara ya bo ibẹ̀. Títí di òní, ìtọ́jú gbòógì ni fún jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tí kò tíì wọ inú iṣan ẹran rẹ̀.

Ohun àdáyébá ni, kòkòrò tó wà láàyè. Ó sì ń gbé ẹ̀ṣọ́ dìde. Ẹ ṣáà kíyè sí bí ààlà rẹ̀ ti há tó: jẹjẹrẹ kan, ibì kan, ìgbà kan nínú àìsàn náà, ìwọ̀n tí wọ́n mọ̀, lẹ́yìn tí dókítà bá ti kọ́kọ́ họ kókó náà kúrò. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé BCG ń wo gbogbo jẹjẹrẹ, pẹ̀lú jẹ̀díjẹ̀dí àti àtọ̀sí. Ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ máa ń ní ààlà.

ÌPELE KẸRIN: IBI TÍ EWU WÀ

Ewu àkọ́kọ́ ni ìpààrọ̀. Skyler Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale gbé ìwádìí méjì jáde ní ọdún 2018, láti inú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ní Amẹ́ríkà. Nínú èkíní, wọ́n wo èèyàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn kálẹ̀, tí wọ́n kọ ìtọ́jú ilé-ìwòsàn, tí wọ́n yan ọ̀nà mìíràn nìkan. Ewu ikú wọn ju ti àwọn tó gba ìtọ́jú lọ ní ìlọ́po méjì ààbọ̀. Fún jẹjẹrẹ ọmú, ó ju ìlọ́po márùn-ún lọ. Ẹ rántí pé irú èyí tó ṣeé wò sàn ni mò ń sọ.

Èkejì ló kan ìjókòó yìí gan-an, nítorí àwọn tó ń ṣe àfikún ló wò. Èèyàn 258 ni wọ́n. Gbogbo wọn gba ó kéré tán ẹ̀yà kan nínú ìtọ́jú ilé-ìwòsàn, wọ́n sì fi ohun mìíràn kún un. Ewu ikú wọn jẹ́ ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò fi nǹkan kún un. Mo mọ ohun tí ẹ̀ ń rò: àfikún náà ló ń pa wọ́n? Kì í ṣe òun. Nígbà tí wọ́n tú u wò, 34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláfikún ló kọ kímò, nígbà tí ó jẹ́ pé 3 péré ló kọ ọ́ nínú àwọn yòókù. Ìtànṣán, 53 sí 2. Nígbà tí wọ́n yọ kíkọ̀ yìí kúrò nínú ìṣirò, ìyàtọ̀ náà kò dúró mọ́. Orúkọ àfikún ni wọ́n fi pè é, ìpààrọ̀ ni wọ́n ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Mo rí èyí nítòsí. Obìnrin kan tó ń gba kímò fún jẹjẹrẹ ọmú wá sí fèrèsé wa, ó ní òun ò ní gba èyí tó kàn, àgbo olóṣù mẹ́ta ni òun fẹ́ parí ná, nítorí pé aládùúgbò ní méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé nínú ara. Nígbà tó fi máa padà wá, kókó náà ti yọ lábíyá.

Ewu kejì ni kí àfikún náà bá oògùn jà. Bortezomib ni à ń fi tọ́jú jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn egungun. Ní 2009, àwọn olùwádìí ní California rí i nínú sẹ́ẹ̀lì àti lára eku pé èròjà inú tíì eléwé tútù ń rọ̀ mọ́ bortezomib, kò sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Wọ́n ń wá bí wọ́n ṣe máa fi kún agbára rẹ̀ ni o! Ewéko kan tí wọ́n ń pè ní St John's wort, tó wà nínú kápúsù tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dín agbára kímò irinotecan kù nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2002. Ẹ̀dọ̀ ló fà á: ewéko náà mú kí ẹ̀dọ̀ máa yára fọ́ oògùn. Òsàn girépù ń ṣe òdì kejì. Ó ń jẹ́ kí oògùn kan pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ títí á fi di májèlé.

Ewu kẹta wà nínú ohun náà fúnra rẹ̀. Beta-carotene ni èròjà tó ń mú kárọ́ọ̀tì pọ́n. Wọ́n rò pé yóò dènà jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n fún àwọn ọkùnrin amusìgá ní Finland ní kápúsù rẹ̀, nínú àyẹ̀wò tó ní ọkùnrin 29,133. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 1994: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i lára àwọn tó gbà á. Ohun tó wà nínú oúnjẹ láìpani lára lè pani lára bó bá di kápúsù. Soursop náà, tí ewé rẹ̀ ti gba ìgboro kan báyìí, ní èròjà annonacin nínú. Lóòótọ́ ni annonacin ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo. Ó ń pa sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ pẹ̀lú. Ní erékùṣù Guadeloupe, ní 1999, àwọn dókítà kíyè sí i pé àrùn gbọ̀nrìgbọ̀nrì tó dà bíi Parkinson, tí oògùn rẹ̀ kì í ràn, pọ̀ lára àwọn tó máa ń jẹ èso àti ewé ẹbí soursop.

Èyí tó kàn wá nílé jù ni àgbo tí a kò sè. Láàárín ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ kímò, sẹ́ẹ̀lì funfun máa ń lọ sílẹ̀ pátápátá. Ìgbà yẹn ni omidùn, tó kún fún kòkòrò tó ń mú nǹkan di kíkan, àti ewé tí a fi omi kànga gbo, lè gbé kòkòrò wọ ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ẹ̀ṣọ́. Ohun tí aláìsàn mu láti fi ran ẹ̀ṣọ́ ara lọ́wọ́ ló máa rán an lọ sí ìdùbúlẹ̀. Bí ara ẹni tó ń gba kímò bá gbóná dé 38 lórí ìwọ̀n ìgbóná, ilé-ìwòsàn ni, lóru lọ́sàn-án. Kì í ṣe àgbo ibà.

ÌPELE KARÙN-ÚN: TIWA-N-TIWA

Mo rí i tí àwọn bàbá wa oníṣègùn ìbílẹ̀ ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má bínú, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń bọ̀.

Ewúro kì í ṣe ewé lásán. Ní 2003, Ernest Izevbigie, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Jackson State University ní Mississippi, kọ̀wé pé omi ewúro tí wọ́n kó láti ìlú Benin dá ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú dúró nínú àwo ìwádìí. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ (patent) lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ inú àwo ni. Omi ọṣẹ náà ń pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Láti inú àwo dé ara eku, láti ara eku dé ara èèyàn tó ń gba kímò lọ́wọ́, ọ̀nà jìn, ọ̀pọ̀ èròjà ló sì ń kú sójú ọ̀nà.

Ǹjẹ́ a lè rìn ín? A ti rìn ín rí. Àlùfáà ìjọ kan, Reverend Ogunyale, ní oògùn ìbílẹ̀ fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde: iyèré, osùn, kànáfùrù àti ọkà bàbà. Láàárín àwọn ọdún 1990, ó gbé e fún iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀, NIPRD, ní Àbújá. Wọ́n gbé e dé orí aláìsàn 82, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn, wọ́n fún àwọn kan ní ayédèrú rẹ̀, wọ́n sì tún pààrọ̀ wọn, aláìsàn kò mọ èwo ni òun ń gbà. Ìrora líle tó máa ń ṣe wọ́n dín kù nígbà tí wọ́n wà lórí oògùn náà. Niprisan ni wọ́n sọ ọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òwò rẹ̀ lẹ́yìn náà kò dùn ún gbọ́, ìyẹn sì jẹ́ ìtàn ọjọ́ mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé bàbá náà kò sọ pé ó ń wo ohun gbogbo. Ó sọ àìsàn kan, ó sọ ohun tó pò mọ́ra, ó sì gbà kí wọ́n fi ojú àjèjì wò ó. Fún jẹjẹrẹ, a kò tíì ní irú rẹ̀.

Ohun tí a ní dípò rẹ̀ ni ìgò àgbo tí wọ́n ń tà nínú mọ́tò. Ẹ ka ara ìgò náà dáadáa nígbà mìíràn. Lókè, lẹ́tà gàdàgbà: jẹjẹrẹ, ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹ̀díjẹ̀dí, àìlèbímọ. Nísàlẹ̀, lẹ́tà tíntìntín tí èèyàn ní láti fi awò wò: NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ wọ̀nyí wò. Nọ́ńbà NAFDAC tó wà níbẹ̀ kò jẹ́rìí pé ó ń wo jẹjẹrẹ. Òǹtajà mọ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌPELE KẸFÀ: KÍ NI KÍ Á WÁ ṢE?

Ẹni tó ń gba ìtọ́jú, kó ohun gbogbo tí ò ń mu lọ bá dókítà àti apòògùn rẹ, ewé, ìgò àti kápúsù. Má sọ ọ́ lẹ́nu nìkan. Gbé e dání kí wọ́n rí i. Ẹ̀yin dókítà ẹlẹgbẹ́ mi, ìbínú yín ló ń lé ìgò náà wọ inú báàgì. Aláìsàn tí ẹ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò tún ní sọ òótọ́ fún yín mọ́. Ẹ bi í jẹ́jẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú fáìlì rẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Protéìnì ni ara fi ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀ṣọ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n ní kó má jẹ ẹyin, kó má jẹ ẹja, kó má jẹ ẹran, pé wọ́n ń bọ́ jẹjẹrẹ, kó máa mu omi ewé nìkan. Ó rù títí dókítà fi ní kímò kò ṣeé fún un mọ́. Ẹ fún aláìsàn ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín. Ẹ fún un ní ewúro nínú ọbẹ̀ tó jinná, bí ìyá wa ṣe ń sè é. Kò sí dókítà tó bá ọbẹ̀ jà.

Ẹ̀yin òbí ọmọbìnrin, èyí tó dájú jù nínú gbogbo ohun tí a lè ṣe fún ẹ̀ṣọ́ ara lórí jẹjẹrẹ kò sí nínú ìgò kankan. Abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV ni. Ó ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ ara láti dá kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ mọ̀ kó tó wọlé. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo péré. Ti àrùn ẹ̀dọ̀ B náà wà lára èyí tí à ń fún ìkókó, òun ló ń dènà ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀.

Ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀, ẹni tó bá ní ohun tó dá a lójú nínú yín, kó gbé e wá. Kó sọ irú jẹjẹrẹ tó ń bá jà, ewé tó wà nínú rẹ̀, bó ṣe ń sè é àti ìwọ̀n tó ń fúnni. Kó jẹ́ kí aláìsàn máa gba ìtọ́jú rẹ̀ nìṣó, kí á fi ìbò pín wọn, bí wọ́n ti ṣe ní Japan, bí Ogunyale ti gbà kí wọ́n ṣe. Bó bá ṣiṣẹ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ tò ó sórí pẹpẹ lẹ́yìn fèrèsé mi. Alága, ẹni tó ń ṣọ́ aago ti dìde. Mo dúró fún ìbéèrè.